Kí Ló Dé Tí Mọ́mì Ò Jẹun?

Wúrà jí ní àárọ̀ Ọjọ́rú. Yìnyín ń bọ́. Fẹ̀lẹ̀, fẹ̀lẹ̀, fẹ̀lẹ̀.

Ó ti bo ọgbà ìṣeré Parsloes, ní àdúgbò wọn ní London. Ó ti bo mọ́tò gbogbo. Ilé ẹ̀kọ́ ò ṣí. Bọ́ọ̀sì ò rìn.

Wúrà àti Mọ́mì fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Heathway. Kàrà, kàrà, kàrà, ni bàtà wọn ń dún.

Inú ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́. Àwọn èèyàn ń sáré. Wọ́n ń já nǹkan gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Pẹpẹ mílíìkì ṣófo. Pẹpẹ búrẹ́dì náà ṣófo.

Ìyá Lùkmọ́nù, aládùúgbò wọn, gbá búrẹ́dì mẹ́fà mọ́ àyà.

"Ìyá Lùkmọ́nù, ṣé ẹ fẹ́ ṣí ilé búrẹ́dì ni?" ni Mọ́mì wí.

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Oúnjẹ ti tán ní London." Ó yọ búrẹ́dì kan, ó nà án sí Mọ́mì. "Ẹ gba èyí, nítorí ọmọ."

Oúnjẹ ti tán. Wúrà gbọ́ ọ. Àyà rẹ̀ já. Gbì, gbì, gbì.

Nígbà tí wọ́n délé, Mọ́mì gé búrẹ́dì. Ó gbé e síwájú Wúrà. Àwo kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì.

"Mọ́mì, tiyín dà?"

"Jẹ tìrẹ, Wúrà mi."

Mọ́mì ò jẹun.

Wúrà jẹ ìdajì. Ó rọra fi ìdajì tó kù sínú àpò rẹ̀.

Ní ọ̀sán, Mọ́mì bu ìrẹsì. Àwo kan ṣoṣo.

"Mọ́mì, tiyín dà?"

"Tèmi ń bọ̀. Jẹ tìrẹ, Wúrà mi."

Mọ́mì ò jẹun. Inú Mọ́mì ké. Kùùrù. Kùùrùùrù.

Wúrà fẹ́ bèèrè bóyá oúnjẹ ti tán. Ẹ̀rù ò jẹ́ kó bèèrè. Tí Mọ́mì bá ní bẹ́ẹ̀ ni ńkọ́?

Ó bu ìrẹsì díẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Yìnyín ṣì ń bọ́. Mọ́mì dìde lórí àga. Ó di tábìlì mú kó má baà ṣubú.

Wúrà sáré. Ó fi búrẹ́dì kan ẹnu Mọ́mì. "Ẹ jẹ ẹ́, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́."

Mọ́mì yí ẹnu kúrò. "Mi ò lè jẹ ẹ́ báyìí, Wúrà mi."

Omijé gbígbóná yọ́ wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Wúrà. "Ẹ má kú, Mọ́mì. Mi ò ní jẹ tiyín mọ́. Mo ti tọ́jú tèmi fún yín."

Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Ìrẹsì dà sílẹ̀. Fààà.

Mọ́mì kúnlẹ̀. "Ta ló ní mo fẹ́ kú?"

"Ìyá Lùkmọ́nù ní oúnjẹ ti tán. Ẹ̀yin náà ò sì jẹun."

Mọ́mì fà á mọ́ra.

"Ààwẹ̀ ni mò ń gbà. Gbogbo ìjọ wa ló ń gbà á lóṣù yìí. Tó bá di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, màá jẹun. Mo rò pé o ò ní mọ̀."

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Gàrí rèé. Ẹ̀wà rèé. Ìrẹsì rèé, odidi àpò.

Wúrà wò ó. Ẹ̀rù ṣì ń bà á. "Mo fẹ́ rí i pé ẹ jẹun."

"Ó dáa. Wá jókòó tì mí."

Mọ́mì gbé ẹ̀wà kaná, wọ́n sì jókòó. Aago ń lọ. Kì, kì, kì. Inú Mọ́mì ké. Kùùrù. Wúrà di ọwọ́ Mọ́mì mú bí ẹni tí ò ní fi í sílẹ̀ láéláé.

Kì, kì, kì. Aago mẹ́fà lù.

Mọ́mì dijú, ó gbàdúrà. Wúrà ò dijú.

Mọ́mì bu ẹ̀wà gbígbóná sí àwo méjì. "Àbí kí n jẹ ti inú ìbọ̀sẹ̀?"

"Rárá o," ni Wúrà wí.

Mọ́mì fi ṣíbí sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́. Ó gbé e mì. Gbìn.

"Ẹ la ẹnu," ni Wúrà wí.

Mọ́mì la ẹnu. Wúrà yọjú wo inú rẹ̀. Ẹ̀wà ti wọlé lọ.

Wúrà rẹ́rìn-ín. Ó mú ṣíbí tirẹ̀.

"Ẹ tún jẹ, Mọ́mì."

Mọ́mì tún jẹ.