Ẹni Tó Gba Nọ́mbà Mi Lórí Òkè

Ẹ lè pè mí ní òpùrọ́ lórí ohun gbogbo tí mo ti ṣe láyé mi. Èyí yàtọ̀. Ó ṣẹlẹ̀, lójú ọ̀sán gangan. Àwọn mẹ́ta tó wà níbẹ̀ ní kí n pa ẹnu mọ́. N ò ní pa á mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló máa ń mú èèyàn gun òkè lọ wo adágún omi tó wà lókè pátápátá. Wákàtí márùn-ún ni lílọ nìkan. Lọ́jọ́ náà, onígbàjámọ̀ kan àti tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló tẹ̀ lé e. Èmi ni mo ru omi.

Kùrukùru máa ń bo ọ̀nà, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi ní òfin kan: ní gbogbo kọ́nà, kálukú á ké nọ́mbà rẹ̀. Òun ni ení, onígbàjámọ̀ èjì, tíṣà ẹ̀ta, èmi ẹ̀rin. Bí nọ́mbà ò bá pé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀. Lóòótọ́ mo tètè fi ilé-ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo lè kà dé ẹ̀rin.

Òkè náà le. Òógùn ń wọ ojú. Onígbàjámọ̀ ń mí bí ewúrẹ́ tó gbé ṣùkù àgbàdo mì.

"Ẹ̀yin àgbà, ṣé kí n pọ̀n yín ni?" mo bi í.

"Tá a bá sọ̀kalẹ̀, màá fá orí rẹ," ó ní. "Ìdajì péré."

Ní kọ́nà kẹta, lẹ́yìn tí mo ké ẹ̀rin, mo di imú mú, mo fi ohùn tín-ín-rín ké, "Àrún." Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ tíṣà. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.

"A kì í fi nọ́mbà ṣeré níbí," ẹ̀gbọ́n mi wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Ní kọ́nà kẹrin, mo ké ẹ̀rin, mo sì dákẹ́.

"Àrún," ẹnì kan wí lẹ́yìn mi. Ohùn tín-ín-rín yẹn gan-an ni.

"Ó tó báyìí," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Èmi kọ́."

"Ìgbà wo ló ti jẹ́ ìwọ rí?" tíṣà wí.

Nígbà tá a dé adágún, kùrukùru ká kúrò. Omi náà dúdú, ó tẹ́ bí dígí. Kò sí ẹyẹ. Kò sí atẹ́gùn. Mo bu omi sẹ́nu, mo fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo nàka sí i kí gbogbo wọn rí i pé n ò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n kà á. Ení. Èjì. Ẹ̀ta.

"Ẹ̀rin."

Ohùn mi ni. Láti òdìkejì omi ló ti wá. Ó tún rẹ́rìn-ín sí i, bí mo ṣe máa ń rín.

Omi dà lẹ́nu mi. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń retí ìdáhùn. Àrún nìkan ló kù fún mi.

"Má ké e," ẹ̀gbọ́n mi wí wúyẹ́wúyẹ́.

"Bí mo bá ké e ńkọ́?"

"Má ké e."

Bá a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, kùrukùru padà dé. Ní gbogbo kọ́nà, ohùn náà ń ṣáájú mi ké ẹ̀rin. Mo ń ké tèmi lé e lórí. "Èmi ni ẹ̀rin. Olè."

Aṣọ́nà tó wà ní géètì ìsàlẹ̀ òkè kò ríran dáadáa. Nọ́mbà tí kálukú bá ké ló fi ń ka èèyàn wọlé. Ení wọlé. Èjì. Ẹ̀ta. Ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí n dé ibẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ "Ẹ̀rin" níwájú. Ni aṣọ́nà bá ti géètì.

"Bàbá, ó ku èmi."

"Mẹ́rin ló gòkè, mẹ́rin ti wọlé. Ìwọ ta ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ irin géètì. Ó wò mí títí.

"Bó bá jẹ́ ìwọ ni, kí lo fi sínú bàtà mi lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí?"

N ò tíì lanu tí ohùn náà fi dáhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú lọ́hùn-ún. "Ọṣẹ."

Ọṣẹ ni lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣí géètì.

Ni mo bá gùn ún. Irin ya ṣòkòtò mi, ó gé mi lọ́wọ́. Mo já bọ́ síwájú aṣọ́nà.

"Ẹ ka márùn-ún bó bá wù yín," mo wí. "Mo ti délé."

Láti ọjọ́ náà, nígbà míì tí mo bá jókòó nínú yàrá, mo máa ń gbọ́ ẹ̀gbọ́n mi níta, tó ń bá mi ṣeré. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín mi tó ń dá a lóhùn. N kì í jáde lọ wò ó. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi ni mo máa ń jókòó sí, màá sì fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ àga náà. Bí olè náà bá fẹ́ ibẹ̀, kó wá gbé mi kúrò.