Òjò Tó Ń Rọ̀ Lẹ́yìn Da-in

Oṣù kìíní ni, yìnyín sì ti bo gbogbo òrùlé Seoul. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọmọbìnrin tó wà lójú kọ̀ǹpútà Pyo Mi-ran, òjò ló ń rọ̀. Kì í ṣe òjò wẹ́liwẹ́li o. Òjò ńlá ni, irú èyí tí wọ́n máa ń rí nínú oṣù keje, tó ń lu àwọn ewé tútù tó wà níta fèrèsé.

Mi-ran kò kọ́kọ́ kà á sí. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: àwọn tí àyà wọn ń já láìnídìí, àwọn tí ojú wọn ti rí nǹkan tí oorun ò fi kùn wọ́n mọ́. Ó mọ̀ pé àwọn ọmọ ìwòyí máa ń fi àwòrán bo ẹ̀yìn wọn kí ènìyàn má baà rí yàrá wọn tó rí jákujàku. Ó rò pé ọmọ yìí kàn fẹ́ràn òjò ni.

"Ok Da-in ni mo ń jẹ́, mà," ni ọmọ náà wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀, àmọ́ ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, bí ohùn ẹni tó wà lódìkejì odò. "Tíṣà, kì í ṣe nítorí ara mi ni mo ṣe wá. Nítorí ọ̀rẹ́ mi kan ni. Ilé kan náà là ń gbé."

Mi-ran rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti gbọ́ "ọ̀rẹ́ mi kan" láìmọye ìgbà.

"Da-in, ọ̀pọ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ níbí, tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ara wọn ni wọ́n ń sọ. Kò sí ìtìjú lọ́dọ̀ mi. Ṣé kì í ṣe ìwọ?"

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. "Èmi kẹ̀? Rárá o, Tíṣà. Tèmi ti parí. Se-ryeong ni. Olórí kunkun gbáà ni. Bí wọ́n bá ní kó wá bá yín sọ̀rọ̀, á ní òun ò ya wèrè."

Mi-ran ò bá a jiyàn. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bó bá jẹ́ aṣọ tí ọmọ yìí fẹ́ fi bora nìyẹn, kí òun má ṣí i. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé gbogbo ọjọ́rú, lágogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ń tipasẹ̀ Da-in bá ọ̀rẹ́ tí kò rí yìí sọ̀rọ̀, ẹni tí Da-in ní ó ń bẹ̀rù omi.

"Kí ni ara Se-ryeong máa ń ṣe bó bá gbọ́ ìró omi?"

"Ó máa ń le gbagidi. Aṣọ tútù ló fi ń nu ara báyìí, kì í wẹ̀ mọ́. Kì í lọ sí kíláàsì. Tíṣà, kì í jẹun!"

"Ta ló ń bínú sí?"

Da-in máa ń dákẹ́ síbi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Á dákẹ́ pẹ́, á wá ní, "Ẹ bi í ní nǹkan míì."

Ní ọjọ́rú kẹfà, ìdúró ni Mi-ran bá a. Ariwo òjò ti pọ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kó bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Tíṣà, Se-ryeong ti ṣubú. Ọjọ́ kẹta rèé tó ti wà nílẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn títí, ọwọ́ mi ò dún."

"Kí lo pè ní ọwọ́ rẹ ò dún?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí! Ẹ pe ọlọ́pàá. Ilé Ìyá Bong, ní ìlú Chuncheon, yàrá kejìlá. Ẹ ṣe kíá, mi ò lè gbé e."

Àwòrán náà kú. Mi-ran gbé fóònù, ó sì pe àwọn ọlọ́pàá Chuncheon.

Àwọn ọlọ́pàá já ilẹ̀kùn. Wọ́n bá Tak Se-ryeong nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ètè rẹ̀ ti bó, èémí rẹ̀ ò ju tín-ín-rín lọ. Dókítà ní ká ní ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá a níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá di nǹkan míì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mi-ran wọ rélùwéè lọ sí Chuncheon. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ló ti pàdé Ìyá Bong onílé, tó gbé ẹ̀kọ ìrẹsì gbígbóná dání nínú fúláàsì.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti lè rí Da-in? Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ní kí n pe ọlọ́pàá."

"Da-in wo?"

"Ok Da-in."

Ìyá Bong wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má fi ọmọ yẹn ṣeré, mà. Ó ti kú. Oṣù keje ni òun àti Se-ryeong lọ ṣeré ní àfonífojì. Òjò ńlá dé, omi ya wálẹ̀ látorí òkè. Se-ryeong fi ọwọ́ kan di igi mú, ó fi èkejì di ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ bọ́. Àtìgbà náà ni mo ti ti yàrá Da-in, ìyẹn yàrá kọkànlá, pa. Àwọn òbí rẹ̀ ò tíì lè wá kó ẹrù."

Mi-ran pe ilé ìwé wọn níbẹ̀. Wọ́n ní orúkọ ọmọ náà ti jáde nínú ìwé àwọn láti oṣù kẹjọ.

Lẹ́yìn náà, ó wọlé tọ Se-ryeong lọ. Ọmọ náà rù, ó dijú, omi ń kán wọ iṣan apá rẹ̀ láti inú ọ̀rá.

"Se-ryeong, pẹ̀lẹ́ o. Orúkọ mi ni Pyo Mi-ran."

Ojú ọmọ náà là gbòò.

"Ẹ tún sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ni kí n sọ?"

Omijé ń ṣàn lọ sétí rẹ̀. "Ẹ̀yin ni. Lọ́jọ́rú, lágogo mẹ́rin, mo máa ń gbọ́ obìnrin kan nínú yàrá Da-in. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Mo rò pé orí mi ti dàrú ni, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ń fi pẹ̀lẹ́ béèrè nǹkan tẹ́nìkan ò bi mí rí. Màá wá gbé etí lé ògiri, màá máa dá a lóhùn nínú ọkàn mi."

Mi-ran bi í léèrè: "Ṣé o gbọ́ ohùn Da-in pẹ̀lú?"

"Rárá. Tiyín nìkan. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ti béèrè tán, ibẹ̀ máa ń pa rọ́rọ́, bí ìgbà tẹ́nì kan ń dúró dè mí."

Mi-ran fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mo béèrè ẹni tí ò ń bínú sí. Kí lo dáhùn?"

Ọ̀rọ̀ tí Se-ryeong sọ nígbà náà, kò tíì sọ ọ́ fún alààyè kankan rí.

"Da-in ò fẹ́ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà," ló wí. "Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́."