Ọwọ́ Ìkọ̀wé Bàbá Lára Mábù

Ní ọjọ́ Àìkú kan ní ọdún 2009, lẹ́yìn ìsìn, Màmá Clémentine gbé garawa omi àti ọsàn wẹ́wẹ́, ó forí lé itẹ́ òkú tó wà lẹ́yìn ilé wọn ní Yopougon, nílẹ̀ àwọn elédè Faransé. Clémentine ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní lycée, ilé-ẹ̀kọ́ girama wọn, tẹ̀lé e. Bí wọ́n ṣe ń ṣe láti ìgbà tí bàbá ti kú nìyẹn.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá fẹ́ kí wọ́n sin òun sí, ṣùgbọ́n ìgbà tí ogun abẹ́lé ń jà nílẹ̀ àjèjì tí wọ́n wà ló kú, wọn kò lè gbé e lọ. Àwọn ará ìlú rẹ̀ ra mábù funfun sórí sàréè rẹ̀. Bàbá a máa fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ara rẹ̀ sára àwọn táyà tó ń tà. Agbẹ́kùúta wo ìkọ̀wé yẹn, ó sì gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sára mábù: Ọlọ́runtóyìn, pẹ̀lú ìrù Y tó gùn. Màmá kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ mọ orúkọ náà. Bó bá ti ń tọ ipa rẹ̀, á dà bíi pé ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

Lọ́jọ́ yẹn, ìka rẹ̀ yọ̀.

“Clémentine, bá mi wò ó. Ìrù rẹ̀ dà?”

“Ìrù kí ni, Màmá?”

“Èyí tí bàbá ẹ máa ń fà lọ sísàlẹ̀. Mi ò rí i mọ́.”

Clémentine bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ojú mábù ti rí gbágungbàgun bí iyọ̀ tí omi ta sí.

“Màmá, kí lẹ fi ń fọ̀ ọ́?”

“Ọsàn wẹ́wẹ́ ni. Ṣebí òun ló ń mú ìkòkò mi dán?”

Clémentine fún ọsàn sí ẹ̀gbẹ́ mábù. Ó hó wínrínwínrín.

“Ẹ wò ó. Ó ń jẹ ẹ́ ni. Kíkan inú ọsàn ń tú òkúta yìí.”

Màmá jókòó sílẹ̀. “Èmi ni mo fọ ọkọ mi nù?”

“Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, Màmá.” Clémentine fa koríko kúrò lórí sàréè kan tí ẹnikẹ́ni kì í wá wò. Mábù tirẹ̀ náà ti jẹ. Òkúta dúdú tó wà nítòsí rẹ̀, tó ti pẹ́ jù ú lọ, ṣì ń dán. “Ta ló fi ọsàn fọ eléyìí? Òjò ni. Òjò tiwa ti kan.”

“Níbo lòjò ti rí ọsàn?”

Clémentine nawọ́ sí èéfín dúdú tó ń gòkè lẹ́yìn ògiri. Àgbàlá Josué ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jogún iṣẹ́ bàbá wọn. Ó máa ń sun ògbólógbòó táyà kí ó lè rí wáyà inú wọn tà.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Josué bú sẹ́rìn-ín. “Madame ti dé! Lọ́jọ́ Àìkú náà?”

“Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ń pò mọ́ rọ́bà kí oòrùn má baà yọ́ ọ?”

“Imí-ọjọ́. Ta ni ò mọ̀?”

“Tẹ́ ẹ bá sun ún, imí-ọjọ́ á bá èéfín gòkè. Ó máa pàdé omi nínú ìkùukùu, á di ásíìdì bíi ti inú bátìrì, àmọ́ tí wọ́n ti bomi là. Òjò ló ń gbé e padà wálẹ̀. Ó ń jẹ páànù, ó ń jó ewé ẹ̀fọ́, ó lè pa ẹja inú omi. Èéfín yẹn gan-an ló tún ń mú kí àwọn ọmọ yín máa wúkọ́.”

“Ṣé tèmi nìkan ni? Àwọn ilé-iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn bọ́ọ̀sì gbàká ńkọ́?”

“Tiwọn wà níbẹ̀. Tiyín náà wà níbẹ̀.”

Màmá rìn wọ àárín àgbàlá. Ó ń wo àwọn táyà náà kiri. “Josué, àwọn èyí tí bàbá ẹ fọwọ́ ara ẹ̀ kọ nǹkan sí dà? Agbẹ́kùúta lè tún wò ó kọ.”

Josué wolẹ̀.

“Mo ti sun wọ́n, Màmá.”

Láti ọjọ́ yẹn, Josué kò dáná sun táyà mọ́. Ó ń tà wọ́n fún àwọn tó ń gé wọn ṣe bàtà. Ó ra òkúta dúdú sórí sàréè bàbá, lẹ́tà rẹ̀ sì tọ́ bí ti ìwé ìròyìn. Màmá fi ọwọ́ pa á. “Ó dára,” ló wí, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò rí ẹni tó ń wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ má ṣe sun táyà tàbí ike. Ẹ tún ẹ́ńjìnnì tó ń tú èéfín dúdú ṣe. Tí ibi kan náà lẹ bá ń lọ, ẹ jọ wọ ọkọ̀ kan. Ẹ jọ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ àdúgbò yín pé kí wọ́n fi àsẹ́ sójú ihò èéfín wọn; ẹfun inú irú àsẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń gba imí-ọjọ́ mú kí ó tó dé òkè. Ohun tí òjò bá ti jẹ, kò sí ẹni tó lè gbà á padà lẹ́nu rẹ̀.