Imú Ilé Fọláyọ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Ọlámijùlọ, ńṣe ló lé mi jáde.

Páálí ni mò ń tà fún àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìkejà. Mo gbé àpẹẹrẹ páálí tuntun lọ sí ilé iṣẹ́ bùràndí àwọn Fọláyọ̀, lẹ́yìn àdúgbò Ọgbà. Mo múra dáadáa, mo sì fín lọ́fínńdà sára. Bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn yàrá kan báyìí, ọkùnrin gíga kan tó gbé gíláàsì kékeré sábẹ́ imú na ọwọ́ sí mi.

"Sìsítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síta. Lọ́fínńdà yín ti pa imú mi."

Mi ò gba gbẹ̀rẹ́. Mo bi í bóyá wọn ò kọ́ ọ nílé bí wọ́n ṣe ń kí àlejò. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní lọ́fínńdà wo ni Ọlámijùlọ ń sọ, pé òun ò gbóòórùn kankan. Mo rò pé bàbá náà ń gbèjà mi ni, inú mi sì dùn sí i.

Ọlámijùlọ tẹ̀ lé mi jáde, ó dúró lókèèrè, ó ń bẹ̀ mí. Ó ní ẹni tó ń fi imú ṣiṣẹ́ kì í fín lọ́fínńdà, kì í jẹ àlùbọ́sà tútù, kódà ọṣẹ olóòórùn, àwọn ò gbọdọ̀ fi wẹ̀. Mo ní á jẹ́ pé ìyà ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀, kí n má fi nǹkan kan para. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí ó sọ lẹ́nu ara rẹ̀, ojú tì í. Mo padà lọ ní Ọjọ́bọ̀.

Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Ó mú mi yí ilé iṣẹ́ náà ká, ó ń ròyìn, èmi ń wo ẹnu rẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀, Job Fọláyọ̀, ọmọ Ìjerò Èkìtì, ló bá ọkọ̀ ojú omi lọ, ó ń ṣe kúùkù. Ó sọ̀ sí ilẹ̀ Faransé, ó rí iṣẹ́ sí ilé ẹbí kan tó ti ń ṣe bùràndí láti ìran dé ìran. Opó tó jẹ́ olórí ilé náà rí i pé imú rẹ̀ mú, ó sì kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí Job ń bọ̀ wálé, opó náà fún un ní ìkòkò bàbà ńlá kan tí àwọn fúnra wọn ti lò gbó.

Àjàrà kò sí ní Ìkejà, nítorí náà ọ̀pẹ̀yìnbó ni wọ́n ń lò. Wọ́n á jẹ́ kí omi rẹ̀ kan, wọ́n á sì sè é lẹ́ẹ̀mejì nínú ìkòkò náà kí ooru rẹ̀ lè gba inú páìpù kọjá, kó tutù, kó sì máa kán bí ọtí. Èyí tó kọ́kọ́ kán, wọ́n á dà á nù. Èyí tó gbẹ̀yìn, wọ́n á yà á sọ́tọ̀. Àárín nìkan ló ń wọ inú àgbá onígi, imú nìkan ló sì lè sọ ibi tí àárín ti bẹ̀rẹ̀. Á wà nínú àgbá fún ọdún púpọ̀ kó tó pọ́n, ooru Èkó á sì máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀.

Òfin kan wà tí opó náà fi lé Job lọ́wọ́. Ẹni tí kì í ṣe ẹbí kò gbọdọ̀ dúró ti ìkòkò nígbà tí iná bá wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ kàn án.

"Tí o bá fẹ́ mi, ìwọ náà á lè wọlé," ó wí fún mi lọ́jọ́ kan. Bó ṣe dẹnu ìfẹ́ kọ mí nìyẹn, kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo ti fẹ́ràn rẹ̀ tipẹ́. Ohùn rẹ̀ tutù, kì í parọ́ fún oníbàárà, Àbẹ̀kẹ́ ló sì máa ń pè mí, orúkọ tí ìyá mi nìkan ń pè mí kó tó kú.

Bàbá mi ni ìṣòro wa. Alhaji Muhydeen, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, màlúù ló ń tà ní Oko Ọba. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló bá a jà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin fẹ́ ajíhìnrere, bàbá mi gan-an ló fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Ọtí ni kò gbà. Ó ní ohun tí wọ́n kọ́ òun ní ilé kéú ni pé ẹni tó pọn ọtí, ẹni tó gbé e àti ẹni tó tà á, ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo ní páálí ni èmi ń tà. Ó wò mí títí, ó ní kí n má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ránṣẹ́ pe Ọlámijùlọ, ó sì bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ọmọ mi, mo ti wádìí ẹ, mi ò rí àléébù kankan. Fi iṣẹ́ ọtí sílẹ̀, kó o wá mú Sùlíyá ọmọ mi. Tí o ò bá lè fi í sílẹ̀, wálláhì, fi ọmọ mi sílẹ̀."

Mo rò pé kò ní gbà. Ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun á fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó ti fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ilé wọn gbóná. Catherine, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá, pè mí lórí fóònù, ó ní mo wá tú ilé àwọn ká. Àmọ́ bàbá wọn, Ọ̀gá Fọláyọ̀ tó bú sẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò bínú. Ó ní kí wọ́n tó bí Ọlámijùlọ ni òun ti ń ṣe bùràndí, kó máa lọ fẹ́ ìyàwó rẹ̀, imú òun ṣì wà lójú òun. Ó gbàdúrà fún wa. Mo rí i pé Ọlámijùlọ kò lè wo ojú bàbá rẹ̀, mo sì rò pé ìtìjú ni.

Ó rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ júùsì kan. A mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó ra lọ́fínńdà fún mi, ó ní kí n máa fín in bó ṣe wù mí. Ṣùgbọ́n àárọ̀ kò lè mọ́ kó má pe bàbá rẹ̀, á bi í bóyá wọ́n ń dáná lónìí. Tí bàbá bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní lè jẹun.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo wà nínú kẹ̀kẹ́ nígbà tí mo rí èéfín dúdú lókè ilé iṣẹ́ wọn. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti gbé Ọ̀gá Fọláyọ̀ jáde. Ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n fi ń dí oríkèé páìpù ti sán, ooru ọtí sì ń jáde sínú yàrá. Bàbá jókòó sínú rẹ̀, ó ń dúró kí ọtí kán, títí ooru náà fi bá iná, tó sì gbiná. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gbóòórùn rẹ̀ láti ìta. Wọ́n rò pé ọ̀gá mọ ohun tó ń ṣe, torí òun ni imú ilé náà. Kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn.

Ó lo ọjọ́ díẹ̀ ní ọsibítù, ó sì kú.

Àwọn ẹbí rẹ̀ ní èmi ni mo pa á. Catherine sọ ọ́ létí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì níbi ìsìnkú. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mọ́ nítorí òkú.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni bàbá mi wọ aṣọ funfun, ó ní kí n mú òun lọ sí ilé iṣẹ́ àwọn Fọláyọ̀. Kò wọ ilé tí wọ́n ti ń ṣe ọtí rí láyé rẹ̀. Ó jókòó ti Ọlámijùlọ.

"Iṣẹ́ ni mo ní kó o fi sílẹ̀, mi ò ní kó o fi bàbá ẹ sílẹ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Bó o fẹ́ ṣe bùràndí, ṣe é. Wá mú ìyàwó ẹ."

Mi ò gbọ́ ọ rí kí bàbá mi gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ọlámijùlọ dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, kò sì gbójú sókè. Lẹ́yìn náà ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sí yàrá àwọn àgbá, níbi tí iná kò dé.

"Bàbá mi ò lè gbóòórùn," ó wí. "Látìgbà tí kòrónà ti mú wọn. Kò padà bọ̀ sípò."

Mo ní kí ló ń sọ.

"Èmi nìkan ni mo mọ̀. Wọ́n mú mi búra lórí Bíbélì pé mi ò ní sọ fẹ́nì kankan, kódà Catherine. Wọ́n ní ilé bùràndí tí ọ̀gá ibẹ̀ ò lè gbóòórùn ti kógbá sílé. Èmi ni mo máa ń jókòó tì wọ́n. Tó bá tó àkókò, mo máa fọwọ́ kan èjìká wọn."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi.

"Tí mo bá sọ fún ẹ, o ò ní jẹ́ kí n kúrò lọ́dọ̀ wọn. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ, Àbẹ̀kẹ́. Ara mi ti wà lọ́nà jù."

"Ǹ bá dúró dè ẹ́," mo wí. "Títí tí bàbá á fi sinmi iṣẹ́ fúnra wọn, ǹ bá dúró."

"Mo mọ̀," ó wí. "Ìgbà yẹn náà, mo mọ̀, síbẹ̀ mo fi wọ́n sílẹ̀. Ìdí tí mi ò fi lè fẹ́ ẹ mọ́ nìyẹn."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bú u. Ó dì mọ́ mi, ó sunkún títí aṣọ mi fi rin, lẹ́yìn náà ó fi mí sílẹ̀, ó sì jáde lọ bá àwọn àlejò.

Bàbá mi ń dúró dè mí nínú ọkọ̀. Mo sọ fún un pé kò ní sí ìgbéyàwó mọ́. Ó bi mí bóyá ọ̀rọ̀ ọtí tí òun sọ ló ṣì ń dun Ọlámijùlọ.

Mo ní rárá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọtí.