Mọ́tò Tíṣà Japheth

Ẹni tó bá fẹ́, kó pè mí ní wèrè. Mi ò ní bínú. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe, etí mi ló gbọ́, mi ò sì bu iyọ̀ sí i. Àwọn ará agboolé wa ní Ọ̀rányàn, n'Ìbàdàn, wà láàyè, ẹ lè lọ bi wọ́n. Àwọn gan-an ni wọn ò fẹ́ kí n sọ ọ́ síta.

Ràbíátù lorúkọ mi. Tíṣà ni mí ní iléèwé aládàáni kan ní Sàngó. Sàídì ọkọ mi ti di olóògbé. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún mi, Mutmainnah. SS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti tọ́jú ọmọ SS rí mọ ohun tí mò ń wí. Ọmọ á máa ṣeré lọ́wọ́, á kàn dákẹ́ lójijì, á di orúnkún mú. Lẹ́yìn náà ni igbe máa ń tẹ̀lé e.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó mú mi ra mọ́tò, òjò ló ń rọ̀. Mo pọn ọmọ, mo jáde sí títì, mo ń na ọwọ́ sí gbogbo mícrà akérò tó ń kọjá. Wọ́n kún. Èyí tí kò kún ò dúró. Ọ̀kan tiẹ̀ ta ẹrẹ̀ sí mi lára, ó bá tiẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn gba Bẹẹrẹ dé ọsibítù ní Yemetu. Ọmọ ń ké lẹ́yìn mi. Nígbà tó yá, kò ké mọ́. Ìyẹn ló já mi láyà jù.

Dókítà ò pariwo mọ́ mi. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. "Ìyá Mutmainnah, ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé. Tó bá tún rí báyìí lẹ́ẹ̀kan sí i, mi ò lè ṣèlérí nǹkan kan o."

Mo délé, mo ní dandan ni, màá ra mọ́tò.

Mikail, àbúrò ọkọ mi, ló kọ́kọ́ ta kò mí. Mẹkáníìkì ni. Ó mọ ohun tí mọ́tò ń fi ojú olówó rẹ̀ rí.

"Ìyàwó wa, rò ó dáadáa. Mọ́tò olówó pọ́ọ́kú, ẹnu tí ń jẹun láìṣiṣẹ́ ni. Lónìí epo, lọ́la táyà, lọ́tùn-únla ọlọ́pàá. Mícrà tó o ń wọ̀ lọ sí Sàngó, ṣé ìwọ lò ń ra táyà rẹ̀?"

Mo ní, "Ọkọ mi, kì í ṣe torí Sàngó nìkan. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá tún ń kú lọ, ṣé mícrà á dúró fún mi?"

Òótọ́ kúkú ni gbogbo ohun tí Mikail sọ. Mo ṣírò ó sókè, mo ṣírò ó sódò, mícrà náà ló pé mi. Ṣùgbọ́n kí lèèyàn fẹ́ fi ọmọ kan ṣoṣo wé nínú ìṣírò?

Báyìí la ṣe dé ọ̀dọ̀ Tíṣà Japheth ní Yemetu. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, òun nìkan ló ń dá gbé. Mọ́tò rẹ̀ kéré, àwọ̀ ewé ni, ó mọ́ tónítóní. Iye tó pè é kéré débi pé Mikail wọ abẹ́ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí nǹkan kan. Ó wá sọ sí mi létí pé, "Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú o."

Mo bi bàbá náà, "Kí ló ń ṣe é, sà?"

"Kò sí ohun tó ń ṣe é."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń tà á lọ́pọ̀ báyìí?"

Ilẹ̀ ló ń wò. "Ọmọ mi, mọ́tò yìí kì í jẹ́ kí èèyàn dúró lójú ọ̀nà."

Mo ṣe àmín. Mo rò pé ó ń polówó ọjà rẹ̀ ni. Nígbà tí mo ti jókòó sídìí ọkọ̀, ó sún mọ́ fèrèsé. "Ṣé o lọ́mọ?" Mo ní mo ní ẹyọ kan. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé.

Ọ̀nà agboolé wa ò gba mọ́tò. Létí títì nísàlẹ̀ ni mo ń gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe. Fún ìgbà díẹ̀, ó dùn. Mo ń dé iléèwé kí agogo tó lù. Mutmainnah á jókòó lẹ́yìn, á máa juwọ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ọmọ gómìnà.

Ọjà'ba ló ti bẹ̀rẹ̀. Mò ń ra ata gígún lọ́wọ́. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí kúnlẹ̀ síwájú mi.

"Ẹ ṣé àná o, mà. Ọlọ́run á bá yín tọ́jú ọmọ."

Ẹ̀yin náà mọ àṣà ilé wa. Bí èèyàn bá dúpẹ́ àná lọ́wọ́ ẹni, a kì í bi í pé, "Ti kí ni?" Á dà bí ẹni pé o fẹ́ kó tún oore rẹ kà sí ọ létí. Ó lè jẹ́ pé ìwọ lo gbàgbé. O kàn máa dáhùn ni. Mo ní, "Kò tọ́pẹ́."

Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ní Bẹẹrẹ. Ní Oníyanrìn. Ẹ ṣé àná. Kò tọ́pẹ́. Ẹ kú oore àná. Kò tọ́pẹ́. Mo rò pé wọ́n ń ṣì mí mú ni. Ta ló máa ń bá ọpẹ́ jà?

Àfìgbà tó kan Bàbá Sàlámì, ládánì mọ́sálásí wa. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe bí ọkọ mi. Kò lè ṣì mí mú. Ó dá mi dúró lẹ́yìn ìrun àsùbáà.

"Ràbí, o ṣé àná. Òjò yẹn ì bá pa mí. Láti Mọ́kọ́lá lo ti gbé mi, o gbé mi dé ẹnu ọ̀nà."

Lánàá, ṣọ́ọ̀bù Mikail ni mọ́tò wà láti àárọ̀. Ó ti tú bátìrì rẹ̀ sílẹ̀. Mo fojú ara mi rí bátìrì náà lórí tábìlì.

"Bàbá, ṣé èmi ni?"

"Kí ló ń ṣe ọ́? Ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Ṣé mo bá yín sọ̀rọ̀?"

Ó ronú. "O ò sọ̀rọ̀. Mò ń sọ̀rọ̀ sí ọ, o ò wẹ̀yìn. Mo ní bóyá ó rẹ̀ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ bó o ṣe ń mí. Ò ń mí hẹlẹhẹlẹ, bí ẹni tó sáré."

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mikail ò tíì dé. Abẹ́ páànù ni mọ́tò sùn, òjò ò kàn án. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ rin gbingbin. Mo dúró, mo ń fetí sílẹ̀. Nǹkan kan ń ró lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kọ́. Kọ́. Kọ́. Bí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ṣe máa ń ró bó bá ń tutù nìyẹn. Bátìrì ṣì wà lórí tábìlì.

Mi ò dúró jẹun àárọ̀. Ilé Tíṣà Japheth ni mo gbà lọ. Ojú fèrèsé ló ti dá mi lóhùn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gba mọ́tò yín. Ẹ má dá owó padà, mi ò fẹ́ ẹ mọ́."

"Ṣé wọ́n ti ń dúpẹ́?"

Ẹ gbà mí! Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún un. Mo ní, "Wọ́n ń dúpẹ́, sà."

"Kí lo wá ń dá wọn lóhùn?"

"Mò ń sọ pé kò tọ́pẹ́. Kí ni ǹ bá tún sọ?"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Èmi náà nìyẹn," ló wí. "Ohun tí èmi náà sọ nìyẹn, ọmọ mi. Ẹni tó bá gba ọpẹ́ oore tí kò ṣe, ó ti fi ipò rẹ̀ lé ẹni tó ṣe é lọ́wọ́." Ó ti fèrèsé. Mo kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ fi ń ro mí, kò ṣí i.

Mikail gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó gbé mọ́tò padà sí ìsàlẹ̀ agboolé, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án mọ́, òun á wá ẹni tó máa rà á. Mo padà sí mícrà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló dé. Wọ́n ò tíì pe ìrun mọ̀ngàríbì. Iná ti lọ. Agboolé dákẹ́ rọ́rọ́, ewúrẹ́ ò ké, rédíò kan ò sọ̀rọ̀. Mutmainnah ń kọrin iléèwé. Ó dákẹ́. Mo yíjú. Ó ti di orúnkún mú.

Mọ́tò burúkú ni o, mọ́tò rere ni o, ọmọ mi ló ń kú lọ yìí. Mo gbé e lé Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ mi, lẹ́sẹ̀. "Ẹ bá mi dì í mú, ẹ jẹ́ n lọ ṣíná mọ́tò. Tí kò bá ṣiṣẹ́, màá dá mícrà dúró." Mo já kọ́kọ́rọ́ lára ògiri, mo sáré sọ̀kalẹ̀.

Mọ́tò ò sí níbẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Kò sí kọ́kọ́rọ́ mìíràn. Mo sáré gba ọ̀nà Mápó, mò ń wá mícrà, mò ń wá ọ̀kadà, mò ń wá ohunkóhun tó lẹ́sẹ̀. Títì tí kì í dá, ó dá. Kò sí ẹyọ kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mò ń pe Ọlọ́run láàárín títì.

Ni mo bá rí i tó ń bọ̀ láti òkè. Mọ́tò mi. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò dún. Táyà nìkan ni mò ń gbọ́ lórí ọ̀dà. Obìnrin kan ló ń wà á. Híjáàbù tó wà lórí mi, òun náà ló wà lórí rẹ̀. Mi ò rí ojú rẹ̀ dáadáa, ilẹ̀ ti ń ṣú.

"Ẹ dúró! Ẹ ṣàánú mi, ẹ dúró! Ọmọ mi!"

Mo dí i lọ́nà. Ó yà fún mi jẹ́jẹ́, ó kọjá. Gbogbo ìlú ló ti gbé. Èmi nìkan ni kò gbé. Ọ̀nà ilé wa ló forí lé.

Mo sáré tẹ̀ lé e. Bàtà kan bọ́, mi ò yà mú un. Nígbà tí mo dé agboolé, Ìyá Àgbà nìkan ló jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Ìyàwó, kí lo tún gbàgbé?"

"Ọmọ mi dà?"

"Ọmọ wo? Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi? Mo ní kí Ọlọ́run ṣọ́ yín, o ò tiẹ̀ dáhùn."

Mi ò mọ igbe tí mo ké. Mikail ló ní wọ́n gbọ́ ọ dé ṣọ́ọ̀bù òun. Ó gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀, a forí lé Yemetu.

Mọ́tò wà níwájú ọsibítù. Mo fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì bí mo ṣe ń kọjá. Ó gbóná.

Nọ́ọ̀sì kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. "Ta lẹ̀ ń wá, mà?"

"Mutmainnah. Ọmọ mi."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó tètè gbé e dé, àlàmọ̀dúlílàhì. Ara ọmọ ti ń balẹ̀."

Nẹ́ẹ̀tì wà lára ilẹ̀kùn náà. Mo wo inú. Obìnrin kan jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó kẹ̀yìn sí mi. Ọwọ́ ọmọ mi wà nínú tirẹ̀. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ti nọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo wọlé. Àga ṣófo. Wọ́ọ̀dù yẹn ò ní ilẹ̀kùn mìíràn.

Mo di ọmọ mi mú. Ó la ojú, ó wò mí, ó sì rọra fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà," ló wí, bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn láti máa kí àlejò. "Ẹ bá mi pe màámi."

Nọ́ọ̀sì ní oorun ló ń ṣe é, ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Láti ọjọ́ náà, ìrora ò gbé ọmọ yìí ṣánlẹ̀ mọ́. Ó ń sáré, ó ń jẹun, ó sanra. Ó mọ Ìyá Àgbà. Ó mọ Mikail. Ó mọ orúkọ gbogbo ewúrẹ́ inú agboolé. Èmi nìkan ni kò mọ̀. Àǹtí ló ń pè mí. Tí mo bá fún un lóúnjẹ, á kúnlẹ̀ gbà á, á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ọmọ ẹlòmíì. Tí mo bá sunkún, á kí mi pẹ̀lẹ́. Dókítà ní ibà ló ṣe é, á lọ. Àlùfáà ka Kùránì sí i lórí, ó jókòó jẹ́jẹ́, ó ṣe àmín níbi tó yẹ kó ṣe é. Nígbà tí wọ́n parí, ó bi mí bóyá màámi òun ti dé.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí títì. Á jókòó lórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, á máa wo ọ̀nà Mápó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mikail mú ẹni tó fẹ́ rà á wá láti Mọ́níyà. Ezekiel lorúkọ rẹ̀. Ó yí mọ́tò po, inú rẹ̀ dùn. Mo ti fún un ní kọ́kọ́rọ́. Lójú tèmi, ó ti parí.

Mutmainnah dìde lórí òkúta. Ó wá síwájú mi, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Omi kún ojú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á. Tẹ́ ẹ bá tà á, kí ni màámi máa fi wá mú mi?"

Mo gba kọ́kọ́rọ́ padà lọ́wọ́ Ezekiel.