Ọ̀jọ̀gbọ́n Tí Ó Ń Fura sí Gbogbo Ènìyàn

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ̀wálé Akínlóyè ń kọ́ni ní òfin ilé-iṣẹ́ ní yunifásítì kan ní Manchester. Ohun tó ń tẹnu mọ́ jù ni pé olùdarí ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi àṣírí tó mọ̀ ra ìpín ìdókòwò kí ará ìlú tó gbọ́. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kì í bá a débẹ̀.

Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ kan fi í sínú ìgbìmọ̀ olùdarí wọn. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ ńlá kan fẹ́ rà wọ́n. Kí ìròyìn tó jáde, ó ra ìpín ilé-iṣẹ́ náà lórúkọ àbúrò rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé iye rẹ̀ yóò lọ sókè. Ohun tó ní káwọn ọmọ ọlọ́mọ má ṣe, òun gan-an ló ṣe é.

Láti ìgbà náà ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè ọ̀rọ̀, yóò rò pé àṣírí ti tú. Bí Olúfúnlọ́lá ìyàwó rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, yóò dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ dúdú kan máa ń dúró ní àdúgbò wọn ní Swinton; ó ní ọlọ́pàá ni. Àṣé aládùúgbò tuntun ló ni ín.

Nígbà tí ìwádìí bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó tú àṣírí ilé-iṣẹ́ náà, Wùmí, akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà, ni wọ́n fura sí. Wọ́n ní kó máa lọ sílé ná. Bọ̀wálé gbọ́, ó dákẹ́.

Ṣẹ̀san, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, wá kí i láti Bolton.

“Bọ̀wálé, o ti rù.”

“Ta ló rán ẹ wá?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi. Ọ̀rọ̀ ẹ ló ká mi lára.” Ó jókòó. “Wùmí sunkún ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sunday. Ó ní òun ò mọ nǹkan kan.”

“Ṣé ó dárúkọ mi?”

Ṣẹ̀san mi orí. “Rárá. Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ ara ẹ.”

Bọ̀wálé dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn.

“Jésù ti mọ̀ tipẹ́,” ni Ṣẹ̀san wí. “Síbẹ̀, Ó kú fún ẹ. Sọ fún Un.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó sunkún bí ọmọdé, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Jésù. Lọ́jọ́ kejì, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá àwọn olùwádìí. Iṣẹ́ bọ́, orúkọ bàjẹ́, ilé-ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n. Wọ́n pe Wùmí padà síṣẹ́. Ó pẹ́ kí obìnrin náà tó gbà láti dárí jì í.

Nígbà tí Olúfúnlọ́lá lọ wò ó lẹ́wọ̀n, Bọ̀wálé ní, “Lọ́lá, ibí gan-an ni mo ti ń sùn wọra.”

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ta ni ò ń sá fún? Bóyá ẹlòmíràn ló ń jìyà ohun tí o ṣe. Má dúró dìgbà tí wọ́n bá mú ọ. Olùgbàlà tó mọ gbogbo rẹ̀ kò tíì kọ̀ ọ́. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o sì jẹ́wọ́ fún Un lónìí.