Ìbọn Tí Drane Rà Ní Shkodër

Ẹsẹ̀ Drane ti wọ inú ṣọ́ọ̀bù Ndok, oníṣòwò ìbọn ní ìlú Shkodër, kó tó rí i pé Preka ló jókòó síbẹ̀, kò sì sí bó ṣe lè padà sẹ́yìn mọ́. Ó sọ ẹrù irun àgùntàn rẹ̀ kalẹ̀. Omi òjò ń kán láti etí aṣọ dúdú rẹ̀ sí orí pákó ilẹ̀.

Ìgbà náà ni òtútù ń bọ̀ lọ́nà, ní ọdún tó ṣáájú èyí tí àwọn ọmọ ogun ọba ilẹ̀ Tọ́kì gòkè wá gba gbogbo ìbọn lọ́wọ́ wa. Mark, ọkọ Drane, ló yìnbọn pa ẹ̀gbọ́n Preka. Ibà ló sì pa ọkọ náà nínú ilé tó sá pamọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ̀san lára rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Pashk, àbúrò ọkọ rẹ̀, kò yọjú síta, nítorí ọkùnrin ilé náà tó kù ni ẹ̀san kàn. Wọn kì í pa obìnrin, nítorí náà Drane ló ń da ẹran, òun ló ń ná ọjà. Ọmọkùnrin tí kò tíì fi ìbọn sí ìgbànú, wọn kì í fọwọ́ kan òun náà. Ọjọ́ tí ìbọn bá wọ ìgbànú rẹ̀ ló di ọkùnrin, ọjọ́ náà gan-an ló sì di ẹni tí wọ́n lè pa. Ìbọn ìléwọ́ fún Tomë, ọmọ Drane kan ṣoṣo, ni Pashk rán Drane wá rà.

“Ẹ kú ìjókòó o.”

“Ìyàwó Mark, káàbọ̀.” Ndok nu epo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo Drane, ó wo Preka, ó wá wo ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó gbé ìbọn Preka kọ́, bí a ti ń gba ìbọn lọ́wọ́ àlejò. “Preka, abẹ́ òrùlé mi lo wà o.”

“Ta ló ń bá yín jà, Bàbá Ndok? Kọfí mi ni mò ń mu.”

“Ìbọn ìléwọ́ ni mo fẹ́,” ni Drane wí. “Ìkookò ti kó àgùntàn mọ́kànlá.”

“Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin àbí ẹlẹ́sẹ̀ méjì?” ni Preka béèrè.

“Èyí tó ń mu kọfí kọ́.”

Ndok wúkọ́ kó má baà rẹ́rìn-ín. Ó to ìbọn ìléwọ́ méjì sórí tábìlì. “Èyí, ọta rẹ̀ tó orí àtàǹpàkò. Ó lè gbé béárì ṣubú, àmọ́ ó máa ń ta ọwọ́ ẹni sókè, kí èéfín rẹ̀ sì tó lọ, ohun tó o yìn ti sá. Èyí kékeré yìí rọrùn láti dì mú. Ó tó fi gba ara ẹni sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kò kàn tó pa ẹran ni.”

Drane tú òwú kan tó fi wọn àtẹ́lẹwọ́ láti inú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀, ó ti ta kókó sí i níbi tí ìwọ̀n náà parí sí. Ndok yí i mọ́ ìdí ìbọn.

“Ọwọ́ ta nìyí? Ti Pashk fẹ̀ ju báyìí lọ.”

Preka gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, ó dìde, ó mú òwú náà, ó sì yí i ká àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Díẹ̀ báyìí ló kù kí ó yí i ká tán. Etí rẹ̀ pọ́n.

“Ọmọ yẹn ti pé ọmọ ọdún mélòó?”

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Tomë yóò pé kí yìnyín tó bo òkè, ọdún tí ọmọkùnrin ń fi ìbọn sí ìgbànú. Drane fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ìbọn méjèèjì padà sọ́dọ̀ Ndok.

“Méjìlá,” ló wí. “Mi ò fẹ́ ohun tó ń wọ ìgbànú mọ́. Ìbọn ọdẹ gígùn ni kí ẹ fún mi, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri.”

“Pashk ńkọ́?” ni Ndok béèrè.

“Kó jáde wá rà á fúnra rẹ̀.”

Ó wá kọjú sí Preka fún ìgbà àkọ́kọ́. “Ìwọ lo pa ìkookò jù lápá ọ̀dọ̀ wa. Ọta wo ni kí n rà?”

Òjò ń lu òrùlé. Preka ń wo òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Má ra ọta ẹlẹ́yọ kan. Ìkookò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Má sì jẹ́ kí bàbá yìí ta ọta wínníwínní tí wọ́n fi ń pa ẹyẹ fún ọ, ńṣe ni yóò kàn bí i nínú. Èyí tí wọ́n di ẹyọ mẹ́sàn-án sínú rẹ̀ ni kó o rà. Jẹ́ kó sún mọ́ ọ dé ogún ìṣísẹ̀. Ta ni yóò yìn ín?”

“Èmi ni.”

“Fún ìdí ìbọn mọ́ èjìká. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò gbá eyín rẹ dànù, ìkookò á sì máa fi ọ́ rẹ́rìn-ín.”

Ó fi òwú náà sórí tábìlì, ó yọ ìbọn rẹ̀ lára ìṣó, ó sì fi há ìgbànú.

“Bàbá Ndok, ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin yìí sọ. Ọmọ ọdún méjìlá ni. Bí àwọn ará ilé wa bá bi yín, ohun tẹ́ ẹ gbọ́ nìyẹn, ojú mi ló sì ṣe. Ó ku ọdún mẹ́ta kó tó fi ìbọn sí ìgbànú.”

“Mo gbọ́.”

Drane ti ẹrù irun àgùntàn rẹ̀ sọ́dọ̀ Ndok fún owó ìbọn gígùn náà. Preka fa aṣọ bo orí, ó sì jáde sínú òjò.